Hóró Funfun Tí Mo Fi Lé Bàbá Mi Lọ́wọ́

Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fún bàbá mi ní oògùn tó ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Mo kọ́kọ́ sọ èyí ná, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo jókòó láti wá ẹni tí mo máa di ẹ̀bi lé lórí. Àwọn tí mo máa dì í lé lórí wà, mo sì máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Àmọ́ èmi ni àkọ́kọ́.

Ahunṣọ ni bàbá mi, nílùú Ìsẹ́yìn. Abẹ́ ọdán kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ to òfì wọn sí. Aṣọ tó ń hun ló fi rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, nígbà tí àwọn ẹbí kan ń bi í pé kí ni ọmọbìnrin fẹ́ fi gbogbo ìwé yẹn ṣe. Nígbà tí mo jáde, tí wọ́n sì gbé mi wá sí ilé-ìwòsàn kan nílùú wa, orúkọ mi kúrò lẹ́nu rẹ̀ pátápátá. "Nọ́ọ̀sì" ló ń pè mí. Bí mo bá ń kọjá lọ síbi iṣẹ́ nínú aṣọ funfun mi, á dá iṣẹ́ dúró, á sọ fún ẹni tó bá wà nítòsí pé, "Nọ́ọ̀sì nìyẹn. Èmi ni mo bí i." Ẹni náà ti mọ̀ tipẹ́. Ó ti sọ fún un lánàá.

Bí àdúgbò wa ṣe gbà mí náà nìyẹn. Ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn á fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa. Ohun tí mo bá ní kí wọ́n lò ni wọ́n ń lò, èyí tí mo bá sì ní kí wọ́n má lò, wọ́n á dà á nù lójú mi. Mi ò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó dùn mọ́ mi. Mo gbéra ga, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ayé ìjọba alágbádá, kí àwọn ṣọ́jà tó tún padà wá gbà á, ni bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó ní èruku òwú ni. Ó wúkọ́ títí oṣù kan fi di mẹ́ta, ó rù, ṣòkòtò rẹ̀ kò dúró nídìí mọ́. Ìyá mi ló fà mí sẹ́yìn ilé lọ́jọ́ kan, tó sọ fún mi pé bàbá mi ń fi ẹsẹ̀ bo kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mọ́lẹ̀ kí a má baà rí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀. Mo fa bàbá mi lọ sílé-ìwòsàn bí ẹní ń fa ewúrẹ́. Ikọ́ ife ni.

Nígbà yẹn, bí wọ́n bá gbọ́ pé o ní ikọ́ ife, wọ́n á ya ife omi rẹ sọ́tọ̀, wọ́n á ya ìjókòó rẹ sọ́tọ̀, wọn kò sì ní í ra aṣọ tí o fọwọ́ hun. Bàbá mi bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Yàtọ̀ sí ìyá mi, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀, ìyẹn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí òfì wọn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ò tíì níyàwó. Ohun tí àwọn ahunṣọ yòókù mọ̀ ni pé bàbá nọ́ọ̀sì ń lo oògùn ikọ́.

Abẹ́rẹ́ la kọ́kọ́ ń gún un, lẹ́yìn náà ó kan hóró funfun tó máa lò lójoojúmọ́ fún ohun tó lé lọ́dún kan. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ wa lórí hóró yẹn: aláìsàn kò gbọ́dọ̀ fo ọjọ́ kan. Ẹ̀kọ́ náà tọ̀nà. Mo ti rí àwọn tó fò ó, tí wọ́n rò pé ara àwọn ti yá, tí wọ́n tún gbé wọn padà wá lórí ẹní, tí oògùn náà kò sì ràn wọ́n mọ́. Mi ò bá oògùn jà. Àwọn tí hóró funfun yẹn gbà lọ́wọ́ ikú ní Òkè-Ògùn pọ̀ ju èyí tí mo lè kà, mo ṣì rí lára wọn tí wọ́n ń lọ́mọ-ọmọ. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ìdajì ẹ̀kọ́ ni wọ́n kọ́ wa. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń fún ènìyàn lóògùn. Wọn ò kọ́ wa ní ohun tí ojú wa gbọ́dọ̀ máa wò lára ẹni tó ń lò ó, àti ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ sọ pé ó tó. Nítorí náà, ohunkóhun tí aláìsàn bá sọ, èsì kan náà la ní fún un: ẹ lò ó.

Láràárọ̀, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń gbé hóró kan àti omi lọ bá bàbá mi lórí òfì. Mo máa dúró títí yóò fi gbé e mì. Lẹ́yìn náà mo máa ní, "Ẹ la ẹnu." Á là á. "Ẹ gbé ahọ́n sókè." Á gbé e. Bí a ṣe ń ṣe fún àwọn aláìsàn ní wọ́ọ̀dù nìyẹn, kí wọ́n má baà fi oògùn pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Ẹni tó bí mi lọ́mọ ni mo ń ṣe é fún, lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bàbá mi dá wọn lóhùn pé, "Ẹ̀yin ẹ máa rẹ́rìn-ín. Bí ó bá ṣe tiyín ni, ta ni yóò ní kí ẹ la ẹnu?"

Ara rẹ̀ yá. Ikọ́ náà lọ, ṣòkòtò bẹ̀rẹ̀ sí í dúró nídìí. Ó tó oṣù mẹ́rin tí gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, àsìkò òjò sì ti dé, kó tó di pé ó ní ó rẹ òun. Oúnjẹ kò wù ú mọ́. Ọbẹ̀ tí ìyá mi bá ń sè, òórùn rẹ̀ á lé e jáde nílé. Ara rẹ̀ gbóná díẹ̀, oríkèé ń ro ó.

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ wa pé kí ni ìyẹn. Ibà ni. Ohun gbogbo ni ibà lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá ti ní ó rẹ òun nígbà òjò, kó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ la ti mọ̀ pé ibà ló ń ṣe é, a sì ti mọ ohun tó máa lò. Ìyá mi ní ibà ni. Àwọn ahunṣọ ní ibà ni. Èmi tí mo lọ sílé-ìwé, tí mo ń wọ aṣọ funfun, èmi náà ní ibà ni, mi ò sì wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí n tó sọ bẹ́ẹ̀. Mo fún un ní oògùn ibà. Mo fi parasítámọ̀ tì í, méjì láàárọ̀, méjì lọ́sàn-án, méjì lálẹ́. Nígbà tí ara ríro náà kò lọ, mo tún fi kún un. Ó lò ó fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tí kò sí oúnjẹ gidi nínú rẹ̀. Hóró funfun ti àárọ̀ ńkọ́? Ìyẹn ò yẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gba hóró náà lọ́wọ́ mi, kò gbé e mì. Ó mú un dání, ó ń wò ó.

"Nọ́ọ̀sì," ó ní, "oògùn yìí ni. Kì í ṣe ibà. Bí mo bá ti gbé e mì báyìí, inú mi á máa rú títí di ọ̀sán."

Mo ti pẹ́ fún iṣẹ́. Mo dá a lóhùn pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà lọ sílé-ìwé nọ́ọ̀sì ni?"

Mo sọ ọ́ sókè. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbójú sókè lórí òfì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá mi wo ojú mi, ó gbé hóró náà sẹ́nu, ó mu omi lé e. Mi ò tiẹ̀ sọ fún un pé kó la ẹnu lọ́jọ́ yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló là á.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi tíì tí wọn ò bu mílíìkì sí. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Ìyá mi ní ibà náà ti di ibà pọ́njú, ó lọ já ewé, ó sì gbé ìkòkò àgbo kaná. Mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá a lórí iná, inú bí mi. Mo dà á sí kòtò. Mo ní, "Ìyá mi, ẹ fẹ́ fi àgbo pa á ni?" Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bi í. Mo tún lọ fọ ìkòkò náà mọ́ tónítóní, bí ẹni pé èyí tó ń pa á wà nínú ìkòkò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé e lọ sílé-ìwòsàn. Dókítà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ́dọ̀ wa ló wò ó. Ó fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ abẹ́ ìhà ọ̀tún rẹ̀. Bàbá mi kérora. Mo ti ní ọ̀rọ̀ mi lẹ́nu: mo ní ó ní láti jẹ́ pé ìyá mi ti fún un ní àgbo lẹ́yìn mi. Ìyá mi wà níbẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, o dà á nù. Kò kan ẹnu rẹ̀." Ó fi gèlè nu ojú. Dókítà kò wo ìyá mi. Èmi ló wò.

"Síítà," ó ní, bí wọ́n ṣe ń pe nọ́ọ̀sì níbi iṣẹ́, "kí ni ẹ̀ ń fún un?"

Mo kà á fún un. Bí mo ṣe dárúkọ oògùn ikọ́, ó mi orí. Bí mo ṣe dárúkọ parasítámọ̀ àti iye tí mo ń fún un, ó mí kanlẹ̀.

Ó mú mi bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ṣàlàyé fún mi ní ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ka ìwé fún ọmọ iléèwé. Ó ní oògùn kì í jáde lára bó ṣe wọlé. Ẹ̀dọ̀ ló ń tú u palẹ̀, tó ń sọ ọ́ di nǹkan mìíràn kí ara tó lè tì í jáde. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó bá sọ ọ́ dà kò léwu. Àmọ́ àwọn oògùn kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń tú wọn, ohun kan á jáde láàárín tó burú ju oògùn fúnra rẹ̀ lọ, ohun tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, tí yóò lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tó bá kọ́kọ́ bá pàdé. Ibi tí wọ́n ti ṣe é ló sì ti máa ń kọ́kọ́ bá nǹkan pàdé. Ó ní bí iná ló rí, ẹ̀dọ̀ sì ní ohun tó fi ń pa á. Bí ohun náà bá tán, tàbí tí ẹni náà kò jẹun, tí kò lókun, ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ni iná náà á máa jó. Oògùn ikọ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ènìyàn kan, kì í ṣe gbogbo ènìyàn. A bí kálukú pẹ̀lú bí ẹ̀dọ̀ tirẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Parasítámọ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá pọ̀jù. Èmi sì ti fi ọ̀kan lé orí èkejì fún ẹni tí kò jẹun. Nígbà tí mo dàgbà lẹ́nu iṣẹ́ ni mo wá kà á níbì kan pé oògùn ikọ́ yẹn tún lè mú kí ẹ̀dọ̀ yára sọ parasítámọ̀ di ohun burúkú náà. Mo pa ìwé náà dé. Mi ò lè kà á tán lọ́jọ́ yẹn.

Mo bi dókítà náà pé, "Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Ó ní, "Ó wà nínú ìwé, Síítà. Ó tiẹ̀ wà nínú ìwé tó ń bá oògùn náà wá."

"Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa?"

Ó gbé èjìká sókè. "Bí a bá ní ká máa ka gbogbo rẹ̀ fún wọn, ta ni yóò gbà láti lo oògùn?"

Ó ti lé lógójì ọdún báyìí, n kò tíì dárí èjìká tó gbé sókè yẹn jì í. Mo mọ̀ pé kò ní ibi lọ́kàn. Mo mọ̀ pé òun ló dá oògùn náà dúró lójú ẹsẹ̀, tó sì ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe. Síbẹ̀, a bi í ní ìbéèrè, ó gbé èjìká. Àwọn wo ni "wọn" tí kò yẹ kí a kà á fún? Bàbá mi ni "wọn". Ó gbọ́n tó láti fi ojú inú to àwọ̀ òwú mẹ́jọ sórí aṣọ kan láìkọ ohunkóhun sílẹ̀. Bí wọ́n bá sọ fún un pé, "Bí oúnjẹ bá kọ̀ ọ́, bí ìtọ̀ rẹ bá dúdú, dá a dúró kí o sì sáré wá," ṣé kò ní yé e ni? Òun ló kọ́kọ́ mọ̀, kódà láìsí ẹni tó sọ fún un.

Mo lọ sí yàrá oògùn ní ọjọ́ náà láti wá ìwé tó ní ó ń bá oògùn wá. Nínú agolo ńlá kọ̀ọ̀kan ni ìwé pélébé kan máa ń wà lókè, tí wọ́n ká pọ̀. Mo ṣí agolo tó wà nílẹ̀, kò sí ìwé níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí ohun tí àwa fúnra wa ń fi í ṣe. Wọn kì í kó ohun tí a ó máa bu oògùn sí fún wa, nítorí náà a máa ń ya àwọn ìwé yẹn sí wẹ́wẹ́, a ó fi pọ́n hóró oògùn fún aláìsàn láti gbé relé. Bébà náà dára fún un, ó mọ́, ó sì fẹ́lẹ́. Mo ti ya tó ọgọ́rùn-ún rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ mi. Mo sáré wálé, mo tú ibi tí ìyá mi ń kó oògùn bàbá mi sí. Mo rí ègé mẹ́ta. Lórí ọ̀kan, wọ́n kọ ọ́ ní òyìnbó wínníwínní pé kí a máa ṣọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ bá pọ́n, kí a dá oògùn náà dúró. Ibẹ̀ ni mo ti ya á. Ìdajì gbólóhùn tó kù ti bá oògùn ẹlòmíràn lọ.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bú gbogbo wọn. Mo bú àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ènìyàn ní lẹ́tà tí èèrà ò lè kà. Mo bú àwọn tó kọ́ wa níṣẹ́. Mo bú ara mi jù.

Bàbá mi lo ọjọ́ mọ́kànlá ní wọ́ọ̀dù. Ó kọ́kọ́ ń sùn púpọ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ tí kò bára mu, ó ń na ọwọ́ bí ẹni ń ju ọ̀kọ̀ ahunṣọ láàárín òwú. Ó kú láàárọ̀, nígbà tí àwọn obìnrin ń gbálẹ̀ àgbàlá ilé-ìwòsàn. A sin ín kí oòrùn tó wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn rẹ̀. Gbogbo àwọn tó wá kí wa ló ń sọ pé Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n, pé ibà pọ́njú burú. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo gbìyànjú. Mo fẹ́ pariwo mọ́ wọn.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí àwọn ààfáà ti lọ, ọ̀rẹ́ bàbá mi, èyí tí òfì wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, pè mí sí abẹ́ ọdán. Ó ní kí n jókòó. Kò pè mí ní nọ́ọ̀sì.

"Ó mọ̀," ó ní. "Ó ti mọ̀ kí ojú rẹ̀ tó pọ́n rárá. Ọjọ́ mẹ́ta tí o fi lọ sí Ṣakí fún ìpàdé yín, nígbà tí ẹ ń pè é ní ibà, kò fi ẹnu kan oògùn kankan. Ó jẹun lọ́jọ́ kẹta. Ó jẹ iyán, ó sì hun aṣọ di ìrọ̀lẹ́."

Mo rántí ọjọ́ tí mo dé láti Ṣakí. Mo bá a tó ń rẹ́rìn-ín, mo sì bi í bóyá ó lo oògùn rẹ̀. Ó ní òun lò ó. Mo sọ fún ìyá mi pé, ṣé ẹ rí i, parasítámọ̀ ti ń ṣiṣẹ́.

"Mo sọ fún un pé kó má lò ó mọ́," ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Mo ní kó sọ pé òun ò ṣe. Ó ní kò ṣeé ṣe. Ó ní gbogbo àdúgbò ló ń fi ọ̀rọ̀ rẹ lo oògùn, àwọn ọmọ wọn sì ń yè. Ó ní bí wọ́n bá gbọ́ pé bàbá tó bí nọ́ọ̀sì lọ́mọ kọ oògùn ọwọ́ nọ́ọ̀sì, ta ni yóò tún gbà á lọ́wọ́ rẹ? Bí o ṣe dé, ó padà sídìí rẹ̀."

Inú bí mi. Mo dìde dúró lójú àgbàlagbà. Mo ní, "Ẹ̀yin mọ̀! Ẹ jókòó tì í láràárọ̀, ẹ̀ ń wo èmi, ẹ̀ ń wo òun. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Kò bínú sí mi. Ó wò mí láti ilẹ̀ ibi tó jókòó sí, ó sì bi mí ní pẹ̀lẹ́ pé, "Ṣé o máa gbọ́ ni?"

N kì bá tí gbọ́. Ǹ bá bi òun náà bóyá ó lọ sílé-ìwé nọ́ọ̀sì.